Rẹsọ́ọ̀ Ọkọ̀ Tó Ti Gbó: Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Rẹ̀ Nílé

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ọjọ́ ọjà ni. Bàṣé kan ń ti oko bọ̀, ó ń lọ sí ọjà Kétu. Ó kó àgbàdo, ó kó gaàrí, ó kó iṣu. Àwọn ìyá ọlọ́jà jókòó lórí ẹrù. Ọ̀nà pupa ni, òjò sì ti gbẹ́ ihò síbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ já sínú ihò kan, gbogbo wọn gbọ́ “kàà!” bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ìdí ọkọ̀ rọ̀ sápá kan. Awakọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀. Ó ní: “Kò ṣe nǹkan. Rẹsọ́ọ̀ kan ló ṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọ díẹ̀díẹ̀.”

Ṣé lóòótọ́ ni kò ṣe nǹkan? Ṣé ó yẹ kí àwọn ìyá wa tún gun ọkọ̀ náà? Ohun tí a fẹ́ kọ́ nínú ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn. A ó sì rí bí ẹni tó ní ọkọ̀ ṣe lè pààrọ̀ rẹsọ́ọ̀ ẹ̀yìn nílé ara rẹ̀, láìṣe ara rẹ̀ léṣe.

1. Kí ni rẹsọ́ọ̀?

Bí ènìyàn bá fò láti ibi gíga sílẹ̀, orúnkún rẹ̀ á tẹ̀. Orúnkún tó tẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí egungun rẹ̀ fọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni rẹsọ́ọ̀ ń ṣe fún ọkọ̀. Rẹsọ́ọ̀ ni orúnkún ọkọ̀. Àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní sípíríìnì.

Oríṣi rẹsọ́ọ̀ méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni irin tí a lọ́ yípo, bí ejò tó ká jọ. Èkejì ni àwọn irin pẹlẹbẹ tí a tò lé ara wọn. Irin pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan ni a ń pè ní láàmù.

Ẹ wo Peugeot 504, ọkọ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Ó jáde ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1968. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná, ní Nàìjíríà. Bàṣé rẹ̀ jáde ní ọdún 1979. Wọn kò ṣe é mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ṣì ń rìn. Rẹsọ́ọ̀ tí a lọ́ ló wà níwájú bàṣé 504. Rẹsọ́ọ̀ onílàámù ló wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ẹrù ń gbé. Ti ẹ̀yìn yìí la ó sọ̀rọ̀ lé lórí.

Láàmù tó gùn jù ni ìyá láàmù. A ká orí rẹ̀ méjèèjì bí òrùka. Òrùka yìí ni à ń pè ní ojú rẹsọ́ọ̀. Rọ́bà wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Ojú iwájú so mọ́ ṣásí, tí í ṣe egungun ọkọ̀, kò sì kúrò lójú kan. Ojú ẹ̀yìn so mọ́ irin kékeré méjì tí ń fì síwá sẹ́yìn. Àwọn mẹkaníìkì ń pe irin méjì yìí ní jumẹ́ẹ̀lì, èyí tó túmọ̀ sí ìbejì. Kí nìdí tó fi gbọ́dọ̀ máa fì? Rẹsọ́ọ̀ tẹ̀ kòlòbò. Bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń nà, ó ń gùn sí i. Bí a bá dè é gbọin níwájú àti lẹ́yìn, kò ní ríbi nà sí.

Búlọ́ọ̀nù kan gba àárín gbogbo láàmù kọjá. Orí búlọ́ọ̀nù yìí bọ́ sínú ihò kan lára ọ̀pá ẹ̀yìn, ìyẹn irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Òun ló ń mú ọ̀pá dúró sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, irin méjì tí a tẹ̀ bíi lẹ́tà U ló di rẹsọ́ọ̀ àti ọ̀pá pọ̀.

2. Kí ló ń ba rẹsọ́ọ̀ jẹ́?

Ẹ mú wáyà kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ẹ tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Lẹ́ẹ̀kan, kò ní ṣẹ́. Lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó lè má ṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá dẹ́kun, yóò ṣẹ́. Irin ń rẹ̀, bí ó ti ń rẹ ènìyàn. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Láàmù kì í ṣẹ́ ní ọjọ́ kan. Yóò kọ́kọ́ sán bí irun orí, yóò máa sán lọ, kó tó ṣẹ́ pátápátá.

Nǹkan márùn-ún ló ń mú kí ó yá:

— Ẹrù tó pọ̀ jù.
— Eré sísá lórí ọ̀nà tó ní ihò.
— Ìpẹtà. Omi àti ẹrẹ̀ ń wọ àárín láàmù, irin á sì máa jẹra.
— Amọ́tísọ̀ tó ti kú. Amọ́tísọ̀ ló ń dá rẹsọ́ọ̀ lẹ́kun kí ó má máa fò. Bí ó bá kú, rẹsọ́ọ̀ á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi.
— Irin U tó ti dẹ̀. Bí kò bá fún mọ́, àárín rẹsọ́ọ̀ á máa jó, búlọ́ọ̀nù àárín á sì ṣẹ́.

3. Àwọn àmì tí a lè fi ojú rí

Kò dìgbà tí ènìyàn bá jẹ́ mẹkaníìkì kó tó rí i. Ìyá ọlọ́jà tó fẹ́ wọ ọkọ̀ náà lè rí i.

Àmì kìíní: ọkọ̀ tẹ̀ sápá kan nígbà tí kò sí ẹrù nínú rẹ̀.

Àmì kejì: ìdí ọkọ̀ wálẹ̀, iwájú rẹ̀ gbójú sókè.

Àmì kẹta: rẹsọ́ọ̀ ti tẹ́jú, tàbí ó ti tẹ̀ sí òdì, nígbà tí ọkọ̀ ṣófo.

Àmì kẹrin: láàmù kan sán, tàbí ó ti yẹ̀ kúrò lórí èkejì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ẹrẹ̀ kúrò kí ẹ tó wò ó. Sísán kékeré kì í hàn lábẹ́ ẹrẹ̀.

Àmì karùn-ún: táyà ẹ̀yìn kan súnmọ́ iwájú ju èkejì lọ. Èyí burú jù. Ó lè jẹ́ pé búlọ́ọ̀nù àárín ti ṣẹ́, ọ̀pá sì ti ń yẹ̀.

Bí ìyá láàmù bá ṣẹ́, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Kò sí ohun tó di ọ̀pá mú ní apá yẹn mọ́. Ọ̀pá lè yí wọ́gọ́ bí ọkọ̀ ti ń sáré. Awakọ̀ á máa darí ọkọ̀ sápá ọ̀tún, ìdí rẹ̀ á máa lọ sápá òsì. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ṣe ń dojú dé. Ìdí nìyí tí “kò ṣe nǹkan” kì í fi í ṣe òtítọ́. Ọkọ̀ tí ìyá láàmù rẹ̀ ṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbé ènìyàn mọ́.

4. Ṣé a lè jó o pọ̀?

Rárá o. Irin rẹsọ́ọ̀ yàtọ̀ sí irin fèrèsé. Nígbà tí wọ́n ṣe é, wọ́n fi iná sun ún, wọ́n tì í bọ òróró kó lè le, wọ́n tún fi iná díẹ̀ yá a kó má bàa ṣẹ́ bí àwo. Ìdí nìyẹn tó fi ń tẹ̀ tó sì ń padà bọ̀ sípò. Bí a bá fi iná ajórin jó o pọ̀, agbára tí wọ́n fún un á bàjẹ́ níbi tí iná dé. Apá kan á rọ̀, apá kan á gan. Kò ní pẹ́ ṣẹ́, ẹ̀bá ibi tí a jó yẹn gan-an ni yóò sì ti ṣẹ́.

Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ irin yìí dáadáa. Rẹsọ́ọ̀ ọkọ̀ tó ti kú ni púpọ̀ nínú wọn fi ń rọ ọkọ́ àti àdá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Rẹsọ́ọ̀ tó ṣẹ́, ilé alágbẹ̀dẹ ni kó lọ. Kó má padà sábẹ́ ọkọ̀.

5. Kí a tó bẹ̀rẹ̀

Rẹsọ́ọ̀ iwájú, èyí tí a lọ́ yípo, ẹ má ṣe tú u nílé. A tẹ̀ ẹ́ mọ́ra nígbà tí a ń fi í sínú ọkọ̀. Bí ẹ bá tú u láìní irin tí a fi ń dì í mú, yóò ta jáde bí ọta ìbọn. Ó lè pa ènìyàn. Ẹ gbé e lọ fún mẹkaníìkì tó ní irinṣẹ́ rẹ̀.

Ti ẹ̀yìn, ẹni méjì tó ní sùúrù lè ṣe é. Ẹ wá nǹkan wọ̀nyí:

— Kiríìkì méjì tó lágbára. Àwọn kan ń pè é ní jáàkì.
— Ẹsẹ̀ irin méjì tí a fi ń gbé ọkọ̀ dúró, tàbí ìtì igi líle tó gbòòrò. Ẹ má lo bíríkì. Bíríkì ń fọ́ lójijì.
— Òkúta ńlá tàbí igi mẹ́rin tí a ó fi dí táyà iwájú.
— Sípánà tí a tún ń pè ní kílé, òòlù, búrọ́ọ̀ṣì onírin, òróró.
— Okùn kan, ṣọ́ọ̀kì kan, ìwé àti bíírò.

Ẹ ra rẹsọ́ọ̀ méjì, kì í ṣe ẹyọ kan. Bí ti ọ̀tún bá gbó, ti òsì kò jìnnà. Bí a bá fi tuntun sápá kan, tí a fi ògbólógbòó sápá kejì, ọkọ̀ á tẹ̀, ìjánu rẹ̀ kò sì ní mú bákan náà. Bó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ ka láàmù tirẹ̀ àti ti yín, kí iye wọn dọ́gba. Ẹ wo láàmù kọ̀ọ̀kan bóyá ó sán. Ẹ kó méjèèjì ṣẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, ẹ má rà á. Ẹ ra irin U tuntun, nọ́ọ̀tì rẹ̀ àti rọ́bà tuntun pẹ̀lú. Irin U tó ti nà lẹ́ẹ̀kan kì í fún bíi ti àkọ́kọ́ mọ́.

6. Iṣẹ́ náà

Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí ẹ tú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ parí rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan èkejì. Èyí tí ẹ kò tíì tú ni yóò fi ọ̀nà hàn yín.

Ìgbésẹ̀ 1. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ gbo ẹrẹ̀ kúrò, kí ẹ sì ta òróró sí gbogbo búlọ́ọ̀nù.

Ìgbésẹ̀ 2. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó le tó sì tẹ́jú. Ẹ má ṣe é lórí iyanrìn tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ fi òkúta dí iwájú àti ẹ̀yìn táyà iwájú méjèèjì. Lára púpọ̀ ọkọ̀, táyà ẹ̀yìn ni ìjánu ọwọ́ ń mú. Nígbà tí táyà ẹ̀yìn bá kúrò nílẹ̀, ìjánu ọwọ́ kò wúlò mọ́. Òkúta yẹn ló kù.

Ìgbésẹ̀ 3. Ẹ fi okùn wọn ibi tó wà láti àárín táyà ẹ̀yìn dé etí ara ọkọ̀ lókè rẹ̀. Ẹ wọn ọ̀tún, ẹ wọn òsì. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìgbésẹ̀ 4. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ nígbà tó ṣì wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kiríìkì gbé ìdí ọkọ̀. Ẹ ti ẹsẹ̀ irin sábẹ́ ṣásí lọ́tùn-ún àti lósì, níwájú ibi tí ojú iwájú rẹsọ́ọ̀ so mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ jókòó lé e. Ẹ ti ọkọ̀ kó mì. Bí ó bá yẹ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ tún un ṣe. Ẹ yọ táyà, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sábẹ́ ṣásí.

Ẹ fetí sílẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé kiríìkì nìkan ló gbé e. Kiríìkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè. Kò wà fún dídi ọkọ̀ mú. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà.

Ìgbésẹ̀ 5. Ẹ fi kiríìkì kejì ti ọ̀pá ẹ̀yìn lábẹ́. Ẹ gbé e díẹ̀ títí tí rẹsọ́ọ̀ kò fi fa nǹkan mọ́.

Ìgbésẹ̀ 6. Ẹ tú ẹsẹ̀ amọ́tísọ̀. Ẹ wo rọ́bà tí omi ìjánu ń gbà kọjá. Kò gbọdọ̀ nà. Bó bá nà, ó lè já, ọkọ̀ á sì di èyí tí kò ní ìjánu.

Ìgbésẹ̀ 7. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì irin U mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí ẹ tó yọ wọ́n. Lára ọkọ̀ kan, rẹsọ́ọ̀ wà lókè ọ̀pá. Lára òmíràn, ó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá. Ẹ wo ti yín dáadáa. Bó bá wà lókè, ẹ sọ ọ̀pá kalẹ̀ díẹ̀ kí orí búlọ́ọ̀nù àárín lè yọ. Bó bá wà nísàlẹ̀, rẹsọ́ọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò wálẹ̀. Kí ẹnìkejì dì í mú.

Ìgbésẹ̀ 8. Ẹ yọ búlọ́ọ̀nù ojú ẹ̀yìn lára jumẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn náà ti ojú iwájú. Rẹsọ́ọ̀ wúwo. Ẹ má gbé orí tàbí àyà sábẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 9. Ẹ tẹ́ ògbólógbòó àti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ṣé gígùn wọn dọ́gba? Ẹ wọn láti búlọ́ọ̀nù àárín dé ojú méjèèjì. Nígbà púpọ̀, apá kan gùn ju apá kejì lọ. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ “iwájú” sára apá tó yẹ kó wà níwájú. Bí ẹ bá fi í sódì, ọ̀pá kò ní dúró sí àyè rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 10. Ẹ fi ojú iwájú sí àyè rẹ̀, lẹ́yìn náà ojú ẹ̀yìn. Ẹ fi ọwọ́ lásán di nọ́ọ̀tì wọn. Ẹ má tíì fún un.

Ìgbésẹ̀ 11. Ẹ mú ọ̀pá àti rẹsọ́ọ̀ pàdé títí tí orí búlọ́ọ̀nù àárín yóò fi bọ́ sínú ihò rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ fi irin U tuntun sí i. Ẹ fún nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀díẹ̀ ní igun sí igun, bí a ti ń fún nọ́ọ̀tì táyà, títí tí gbogbo wọn yóò fi le dọ́gba. Ẹ dá amọ́tísọ̀ àti táyà padà.

Ìgbésẹ̀ 12. Ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 13. Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Ẹ tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó fún nọ́ọ̀tì ojú rẹsọ́ọ̀ àti ti jumẹ́ẹ̀lì. Kí nìdí? Bí a bá fún un nígbà tí táyà wà lókè, rọ́bà inú ojú yóò lọ́ bí aṣọ tí a ń fún omi rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá balẹ̀. Kò ní pẹ́ ya. Ẹ tún fún nọ́ọ̀tì táyà àti irin U.

7. Lẹ́yìn iṣẹ́

Ẹ tún fi okùn wọn ọkọ̀, kí ẹ sì wo ohun tí ẹ kọ sílẹ̀. Ọ̀tún àti òsì yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ fi ọkọ̀ ṣófo rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ sì dán ìjánu wò níbi tí kò sí ènìyàn. Lẹ́yìn bíi kìlómítà 50 sí 100, ẹ tún fún irin U. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nítorí láàmù tuntun máa ń jókòó mọ́ra. Ẹ wo iná iwájú ní alẹ́, torí ìdí ọkọ̀ tó gbéra sókè máa ń mú kí iná wolẹ̀. Lára ọkọ̀ mìíràn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́ ìjánu láti mọ bí ẹrù ti pọ̀ tó. Bí ti yín bá ní i, kí mẹkaníìkì yẹ̀ ẹ́ wò.

8. Ẹrù mélòó ni ọkọ̀ lè gbé?

Iṣẹ́ wa yóò di asán bí a bá tún di ẹrù ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ mú káàtì gíríìsì ọkọ̀, tàbí kí ẹ wo àwo irin kékeré tó wà lára rẹ̀. Ẹ wá lẹ́tà PTAC. Ìyẹn ni ìwọ̀n ọkọ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrù tí a gbà láàyè. Ẹ wá PV. Ìyẹn ni ìwọ̀n ọkọ̀ nígbà tó ṣófo. Ẹ yọ PV kúrò nínú PTAC.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká sọ pé PTAC jẹ́ kílò 2300, PV jẹ́ kílò 1200.

2300 – 1200 = 1100.

Awakọ̀ àti èrò mẹ́ta wà nínú ọkọ̀. Ká ka ẹnì kọ̀ọ̀kan sí kílò 70.

4 × 70 = 280.
1100 – 280 = 820.

Bí àpò àgbàdo kan bá jẹ́ kílò 100, àpò 8 ni ọkọ̀ yìí lè gbé. Àpò 9 ti pọ̀ jù. Bí awakọ̀ bá di àpò 15, ó ti fi kílò 680 lé e.

Àwọn kan máa ń sọ pé: “A ó fi láàmù méjì kún un, ẹrù á pọ̀ sí i.” Òótọ́ ni pé rẹsọ́ọ̀ yóò le. Ṣùgbọ́n ṣé ìjánu náà tóbi sí i? Ṣé táyà nípọn sí i? Ṣé ọ̀pá ẹ̀yìn lágbára sí i? Rárá. Nígbà tí ìdí ọkọ̀ bá wálẹ̀, ó ń kìlọ̀ fún wa pé ẹrù ti pọ̀. Láàmù tí a fi kún un kàn pa ìkìlọ̀ náà lẹ́nu mọ́ ni.

Ẹ̀yin ìyá wa ọlọ́jà, ẹ̀yin èrò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Kí ẹ tó wọlé, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má bínú sí ẹni tó bá béèrè. Owó rẹsọ́ọ̀ méjì pọ̀, ṣùgbọ́n a lè wá owó lẹ́ẹ̀mejì. A kò lè wá ẹ̀mí lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká jọ dáhùn

1. Kí ló dé tí ojú ẹ̀yìn rẹsọ́ọ̀ fi gbọ́dọ̀ máa fì?
2. Ẹ dárúkọ àmì mẹ́ta tó fi hàn pé rẹsọ́ọ̀ ti gbó.
3. Kí ló burú nínú jíjó láàmù tó ṣẹ́ pọ̀?
4. Ìgbà wo la ń fún nọ́ọ̀tì ojú rẹsọ́ọ̀? Kí nìdí?
5. PTAC ọkọ̀ kan jẹ́ 2500, PV rẹ̀ jẹ́ 1300. Ènìyàn 5 wà nínú rẹ̀, kílò 70 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àpò kílò 50 mélòó ló lè gbé?
6. Bí ẹ bá wà nínú bàṣé tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kí lẹ ó sọ fún awakọ̀? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, ní ìlà mẹ́ta.